Ìwé Ni Àṣá Dúdú Fi Fò

 Mo mọ̀ pé ìdánwò ti sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, n kò sì ní gba àkókò yín ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni ó wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè tí wọ́n bi mí níjọ́ tí a ṣe ìpàdé kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, mo ń ròyìn ìrìn-àjò tí mo rìn lọ sí Duxford, ìletò kan nítòsí Cambridge, níbi tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ jọ sí fún aráyé láti máa wò. Mo sọ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo torí rẹ̀ lọ, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní SR-71, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Blackbird. Mo ní mo dúró tì í fún wákàtí 2 gbáko. Ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa bá dìde, wọ́n ní, "Àbúrò, ọkọ̀ amí ni nǹkan yìí. Kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ọkọ̀ tí òyìnbó fi ń yọ́ òyìnbó wò?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì gidi fọ̀. Èsì tí n kò rí fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí hàn mí. Bàbá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìlọgi ni wọ́n ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 8, bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí títí ìyá mi yóò fi ti ọjà dé. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ra àkàrà, ìyá alákàrà sì fi ojú ewé ìwé ìròyìn òyìnbó kan tí ó ti gbó dì í fún wọn. Bí wọ́n ti jẹ àkàrà náà tán, tí wọ́n fẹ́ sọ ìwé náà nù, ni wọ́n rí àwòrán tí ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan ni, ó dúdú, ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Wọ́n nu òróró ara rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àṣá Dúdú.

Bàbá kò kàwé púpọ̀. Èmi ni mo ka ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ àwòrán náà fún wọn. Ó sọ pé ọkọ̀ náà a máa sá eré tí ó tó ìlọ́po 3 eré ohùn, àti pé bí ó bá ń sáré bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń ha á lára a máa mú kí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Irin wo ni wọ́n fi ṣe é tí kò fi rọ̀?" Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, kí o wá sọ fún mi." Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣeré sọ yìí ni ó gbé mi dé yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ nípa irin, òun náà ni ó sì gbé mi dé ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Lockheed ni ó ṣe é, ní Burbank ní ìpínlẹ̀ California, lábẹ́ àkóso onímọ̀-ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Clarence Johnson, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kelly. Àwọn kan náà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ amí U-2 ṣáájú rẹ̀, èyí tí ń fò ga gan-an ṣùgbọ́n tí kò lè sáré púpọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ìjọba Soviet yìnbọn já ọ̀kan nínú àwọn U-2 yìí lulẹ̀, wọ́n sì mú awakọ̀ rẹ̀, Francis Gary Powers, láàyè. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá ni Johnson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ̀ pé fífò ga nìkan kò tó mọ́. Ọkọ̀ tí yóò tẹ̀lé e ní láti fò ga, kí ó sì tún sáré tí ọta kò fi ní lè lé e bá. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tí ń jẹ́ A-12 ní ìkọ̀kọ̀ fún àjọ CIA, ó sì fò ní ọdún 1962. Láti ara A-12 ni wọ́n ti ṣe SR-71, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1964. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju 32 lọ.

Ènìyàn 2 ni ó máa ń wà nínú rẹ̀, awakọ̀ níwájú, ẹni tí ń tọ́jú àwọn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ amí lẹ́yìn. Kò ru bọ́ǹbù, kò ru ìbọn. Bí wọ́n bá yin ọta sí i, ohun tí awakọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe kò ju kí ó fi kún eré lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọ̀kan nínú wọn fò láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù láàrin wákàtí 1, ìṣẹ́jú 54 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56. Ní oṣù Keje ọdún 1976, òmíràn sá eré tí ó ju 2,190 máìlì lọ ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ bíi 3,529 kìlómítà. Bí ó bá lè sá irú eré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù kí wákàtí 1 àti ààbọ̀ tó pé, ìrìn tí bàálù tí ó gbé wa wá fi ju wákàtí 6 lọ rìn. Nínú oṣù kan náà, èyí tí ó wà ní Duxford yìí gan-an fò dé gíga 85,069 ẹsẹ̀ bàtà. Òun nìkan ṣoṣo nínú irú rẹ̀ ni ó wà ní ibi àwòrán kan ní ẹ̀yìn odi Amẹ́ríkà. Nínú 32 wọ̀nyẹn, 12 ni ó bàjẹ́ nínú jàm̀bá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá tí ó já ẹyọ kan lulẹ̀ rí.

Wàyí o, ìbéèrè Bàbá ńkọ́? Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bàálù, ẹbí irin tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Àṣá Dúdú bá ń sáré, ara rẹ̀ a máa gbóná ju 260 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tí ń hó lórí iná kò ju 100 lọ. Alumíníọ̀mù kò ní yọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò ti lọ. Irin tí Bàbá ń lò lè fara da iná náà, ṣùgbọ́n yóò wúwo jù láti fò. Titanium ni ó fúyẹ́ tí ó sì lè gba iná, nítorí náà òun ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ara ọkọ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Amẹ́ríkà kò ní titanium tí ó tó. Ilẹ̀ Soviet ni ó ní in lọ́pọ̀. Ni wọ́n bá gba ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn àti ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ lásán rà á lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ yọ́ wò ni ó ta aṣọ tí wọ́n fi bora fún wọn, kò sì mọ̀.

Ẹni tí ó bá gbé abẹ́ páànù rí mọ̀ pé bí oòrùn ọ̀sán bá mú, páànù a máa ta, a máa dún, nítorí pé irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Àwọn tí ó ṣe Àṣá Dúdú mọ èyí dájú. Wọ́n ṣe apá kan lára awọ ìyẹ́ rẹ̀ ní ilà-ilà bíi páànù orí ilé wa, kí ó lè rí ibi gùn sí láìká. Bákan náà ni epo inú rẹ̀ ṣe máa ń jò nígbà tí ó bá wà nílẹ̀ tí ara rẹ̀ tutù. Wọ́n a gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ó bá ti gbéra tán, ọkọ̀ mìíràn a pàdé rẹ̀ lókè láti fún un ní epo sí i kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré rẹ̀ tàbí ìyẹ́ rẹ̀ ni ó mú mi dúró fún wákàtí 2. Ìtàn kan tí Johnson sọ ni ó wà lọ́kàn mi bí mo ti ń wò ó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi titanium ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń lu ihò a kú kíákíá, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ ṣe irin-iṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó lè ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan tí kò yé wọn. Àwọn awẹ́ ìyẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ní ìgbà ooru a máa tètè bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n jó pọ̀ ní ìgbà òtútù a máa pẹ́. Irin kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí ìwé. Nítorí wọ́n ti ń kọ ìtàn àwọn awẹ́ irin náà sílẹ̀: ibi tí ó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Inú ìwé yìí ni wọ́n tọ̀ títí wọ́n fi dé ìdí omi. Omi ẹ̀rọ ìlú Burbank ni wọ́n fi ń fọ àwọn awẹ́ náà, ní ìgbà ooru sì ni ìlú máa ń da chlorine púpọ̀ sínú omi kí ewédò má baà hù nínú rẹ̀. Chlorine àti titanium kò rẹ́ rárá. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà mọ̀ pé àwọn sípánà kan tí wọ́n fi cadmium bò ń ba orí bóòtù titanium jẹ́ bí ó bá gbóná, wọ́n sì kó gbogbo irú sípánà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àpótí iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1966, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà fọ́ túútúú lókè nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Bill Weaver tí ó ń wà á yè é, Jim Zwayer tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kú. Weaver fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, láti ìgbà tí ẹ́ńjìnì apá ọ̀tún ti kọṣẹ́ títí dé ìgbà tí ó bá ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìsí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn ìbànújẹ́ ni. Síbẹ̀, kò fi bò, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́gbọ́n nínú rẹ̀ rí i kọ́.

Ní èrò tèmi, ìdí abájọ nìyí. A máa ń sọ pé owó ni òyìnbó fi jù wá lọ. Lóòótọ́, owó ń bẹ níbẹ̀, owó náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè sọ fún ènìyàn pé omi ìgbà ooru ni ó ń ba irin rẹ̀ jẹ́. Ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ lónìí ni ó jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ báyìí ni a ṣe awẹ́ báyìí. Bí kò bá sí ti ẹni náà, Àṣá Dúdú ì bá má kúrò nílẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa yóò ní mo ti gbàgbé pé ọkọ̀ amí ni. N kò gbàgbé. Láti erékùṣù Okinawa ni wọ́n ti ń fò ó lọ sórí Vietnam àti Kòríà ti Àríwá, àwọn ará Okinawa sì sọ ọ́ ní Habu, orúkọ ejò olóró kan tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Láti Mildenhall níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lọ ya àwòrán Líbíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1986 lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ó fò lórí Cuba pẹ̀lú, níbi tí àwọn ìbátan wa tí a kó lẹ́rú lọ ti ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun títí di òní. Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó fi ń yọ́ òyìnbó wò. N kò yin iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mi bá fi ọkọ́ tí ó mú dáadáa gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà mi, mo lè bá a jà nítorí kòtò, kí n sì tún bi í léèrè bí ó ti pọ́n ọkọ́ rẹ̀.

Èmi alára ni mo jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Bí Bàbá Ẹlẹ́rọ bá fẹ́ ṣe irin tí a fi ń gé irin, wọ́n a ti ẹnu rẹ̀ bọ iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n a rì í bọ omi, wọ́n a fi òkúta ha ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán. Lẹ́yìn náà wọ́n a tún rọra yá a níná, wọ́n a sì pè mí pé, "Wá wo àwọ̀." Àwọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lórí irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kọ́kọ́ yọ ni wọ́n ń pè ní àgbàdo yíyan. Èyí tí ó kẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní aró. Láàrin méjèèjì, ọ̀kan wà tí ó pọ́n tí ó sì ṣú díẹ̀, òun náà sì ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwọ̀ àárín yìí ni wọ́n ń dúró dè. Bí wọ́n bá rì í bọ omi kí ó tó dé ibẹ̀, irin náà yóò le jù, yóò sì ṣẹ́. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, yóò rọ̀ jù, yóò sì ká.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi iná sí titanium nínú yàrá ìwádìí wa níhìn-ín, àwọ̀ ni mo rí tí ó ń yọ. Àgbàdo yíyan ni ó kọ́kọ́ yọ, aró sì tẹ̀lé e nígbẹ̀yìn. Mo la ẹnu láti pe orúkọ èyí tí ó wà láàrin, n kò sì rí i pè. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo rò ó títí di alẹ́, kò wá. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ n ó pe Bàbá lórí fóònù. Ọjọ́ kejì di ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi, bí ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ni wọ́n pè mí nígbẹ̀yìn, wọ́n ní Bàbá Ẹlẹ́rọ ti papòdà. Òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní ìlú yìí ni, n kò sì lè lọ sí ìsìnkú wọn.

Mo ti mọ irin tí wọ́n fi ṣe Àṣá Dúdú, ṣùgbọ́n n kò rí Bàbá sọ ọ́ fún mọ́. Ohun tí ó dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi níhìn-ín, nítorí pé olùkọ́ mi kò ní gbà kí n má kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ojú ewé kan ṣoṣo rí nípa iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá. Mo ní fóònù tí ń ya àwòrán. Mo ya àwòrán wọn nínú aṣọ ẹbí níbi ìgbéyàwó. N kò ya ọwọ́ wọn nídìí iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ìwé ẹ̀kọ́ ni mo ti lè rí iye ìgbóná tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti lè rí ìdí tí ẹ̀rọ ìlọta tí Bàbá bá tún ṣe fi ń pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé wọ́n ń da nǹkan kan sínú omi tí wọ́n fi ń rẹ irin, n kò sì béèrè ohun tí ó jẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ ni, àwọn baba wa kì í tú awo. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àṣá Dúdú. Àṣírí ìjọba ni òun náà jẹ́, tí ó jẹ́ pé ní aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ni wọ́n ti dán A-12 wò. Síbẹ̀ gbogbo nǹkan rẹ̀ wà nínú ìwé, ìwé náà ni wọ́n tì mọ́lé. Ohun tí a fi pamọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a kò kọ. Èyí tí a fi pamọ́, a lè ṣí i lọ́jọ́ tí àkókò bá tó. Lónìí, ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn awakọ̀ SR-71 ń lò ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1990 nítorí owó tí ó ń jẹ àti nítorí sátẹ́láìtì tí ó ti dé. Wọ́n dá díẹ̀ padà fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1995, ó sì fò kẹ́yìn lọ́wọ́ NASA ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Ọkọ̀ náà ti kú, ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ti Bàbá Ẹlẹ́rọ, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní Yorùbá kì í kọ nǹkan, orí ni a ń há a sí, babaláwo ń há odù sórí láìsí ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n babaláwo kì í há a sórí ní òun nìkan. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọmọ awo tirẹ̀, bí ó bá sì ṣì í kì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tún un ṣe. Ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ta ni ó jókòó lẹ́sẹ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ? Ọmọ-iṣẹ́ wọn tí ó kẹ́yìn ti lọ ń gun ọ̀kadà kí wọ́n tó kú. Èmi tí ì bá jókòó, mo ti wọ bàálù. Níbi tí kò ti sí agbàmọ́ tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ìwé nìkan ni ó kù.

Ìmọ̀ràn mi kò le rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ sílé ní ìsinmi tí ó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù wá oníṣẹ́-ọwọ́ kan, ìbáà jẹ́ aláró, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, onílù tí ń kan ìlù fúnra rẹ̀, tàbí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí a kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí a jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an: ohun tí wọ́n ń lò, iye tí wọ́n ń lò, ìgbà tí wọ́n ń dáwọ́ dúró, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí àti ìdí tí ó fi bàjẹ́. Kí a fi ọjọ́ sí i. Èyí tí wọ́n bá ní kí a má fi han ẹnikẹ́ni, kí a kọ ọ́ sí ọ̀tọ̀, kí a sì fi í lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ìyókù, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa tẹ ẹyọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn wa yìí nígbà kọ̀ọ̀kan. A kò nílò owó ìjọba fún èyí. Ìwé kan àti kálàmù kan ti tó.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá nọ́ńbà ọmọ-iṣẹ́ Bàbá tí ń gun ọ̀kadà, mo sì pè é lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá. Mo bi í ní orúkọ àwọ̀ àárín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ó ti pẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Mo bi í nípa omi tí Bàbá fi ń rẹ irin. Ó ní òun rántí pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ewé kan tí òun lè dá mọ̀ bí òun bá rí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọjọ́ sí i, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àwọ̀ náà bí ó bá rántí rẹ̀. Bí mo bá délé, a ó jọ wá ewé náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ó kàn mí nínú ọkọ̀ amí nìyẹn. Ẹ má bínú pé èsì náà pẹ́.

Mo kí gbogbo yín. Kí ìdánwò yín yọrí sí rere, kí a sì délé bá àwọn àgbà wa láyọ̀ àti láàyè. Ire o.